Ẹ ṣètò àbọ̀ kí ẹ tó ṣètò àlọ

Ẹ̀yin ará ilé mi, ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ti Pọ́bẹ̀, ti Sàkété, ti Ìdàáṣà, àti ẹ̀yin èèyàn wa tó wà lápá Tógò, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ní dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan nínú, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa wí: mẹ́tìrì tún ti dé, ẹni tí kì í fẹ́ kí ọmọdé ṣeré. Kí wọ́n máa wí i. Ẹni tó bá lọ́mọ nínú ọkọ̀ ló ń béèrè ta ló ń wà á.

Ètò kan ti ń rìn láti orí fóònù kan dé òmíràn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìrìn àjò sí òpin àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni, àlọ àti àbọ̀, nínú oṣù kẹjọ tó ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì ńlá kan ni wọ́n fẹ́ háyà. Wọ́n á tú àwọn ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, wọ́n á tẹ́ ibùsùn síbẹ̀, wọ́n á gbé ìgò gáàsì àti ìkòkò wọlé, wọ́n á wá ibi kan so ẹ̀rọ amúnáwá kékeré mọ́, ó di ilé tó ń rìn. Àwọn òyìnbó ń pè é ní káńpíń-káà. Èèyàn 40 ni, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san 35,000 sẹ́fà. Wọ́n á gbéra ní Àjàṣẹ́ ní aago mẹ́fà alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ilẹ̀ á mọ́ bá wọn ní Malanville, wọ́n á ya fọ́tò létí Odò Ọya. Bó bá di alẹ́ Sátidé, wọ́n á forí lé Natitingou. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á wo ilé alámọ̀ àwọn Batammariba, àwọn ilé tí gbogbo ayé ń pè ní tata, wọ́n á tún wẹ̀ níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta ní Kota. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ilé yá. Àárọ̀ Ajé, kálukú ti wà níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Awakọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sínú ètò náà.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà pa irọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ewé mẹ́rin ni. Mẹ́ta àti ààbọ̀ jẹ́ ti àlọ: orin tí wọ́n á máa gbọ́, aṣọ ẹgbẹ́jọdá tí wọ́n á wọ̀, ibi tí kálukú yóò ti ya fọ́tò. Ti àbọ̀ jẹ́ ìlà kan péré: “Ìpadàbọ̀, alẹ́ ọjọ́ Àìkú.” Ó tán. Bí ọmọ kíláàsì mi bá mú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá, màá dá a padà fún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò díẹ̀, torí òun náà ni mo fi ń jẹun. Láti Àjàṣẹ́ dé Malanville jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 750. Láti Malanville padà sí Kandi, sí Paraku, kí wọ́n tó yà sí Djougou kí wọ́n tó dé Natitingou, bíi 530. Láti Natitingou wá sílé, gba Djougou, Bassila, Savalou àti Ìdàáṣà, bíi 560. Ẹ rò ó pọ̀, ó lé ní 1,800. Pẹ̀lú tírélà tó ń fà níwájú, pẹ̀lú ewúrẹ́ àti màlúù tó ń sọdá, pẹ̀lú àwọn ibi tí a ti ń dúró sanwó ọ̀nà, bọ́ọ̀sì tó bá rin 60 láàárín wákàtí kan ti gbìyànjú. Wákàtí 30 nìyẹn lórí ìjókòó awakọ̀. Láti aago mẹ́fà alẹ́ Jímọ̀ sí aago márùn-ún ìdájí Ajé jẹ́ wákàtí 59. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò wa ọkọ̀ ju ìdajì gbogbo àkókò náà lọ, òru mẹ́ta léra wọn. Ọ̀sán tí ì bá fi sùn, inú ọkọ̀ tó gbóná bí ààrò ni yóò ti sùn ún, àwọn ọmọ á máa jó yí i ká.

Àwọn àgbà ní àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Ẹ mọ ìtàn náà. Ahun jí iṣu àna rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn tó ń lọ sóko láàárọ̀ ní olè ni ahun, ó tọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ tí wọ́n ṣì rí i níbẹ̀, wọ́n ní àna rẹ̀ ló burú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí yóò rí. Bí nǹkan bá ṣe ní àlọ, a ó ní àwọn ọ̀dọ́ ló lórí kunkun. Bó bá ṣe ní àbọ̀, ẹ̀bi náà ti bọ́ sọ́rùn àwa bàbá àti ìyá tí a ka ètò náà, tí a rẹ́rìn-ín, tí a sì sanwó.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn níbo ni wọ́n ti rí ọgbọ́n yìí. Ó ní nínú fídíò ni. Ó fi fídíò náà hàn mí, mo sì jókòó wò ó tán nítorí pé Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ni, àwọn méjèèjì ti fẹ̀yìn tì, ará Québec ni wọ́n. Káńpíń-káà ni wọ́n gbé lọ sí Alaska, ní òpin àríwá Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà Alaska tó bẹ̀rẹ̀ ní Dawson Creek ní Kánádà tó sì parí sí Delta Junction. Ọ̀nà náà gùn ju 2,200 kìlómítà lọ. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló là á ní 1942, lákòókò ogun, láàárín oṣù díẹ̀, nínú igbó àti ẹrẹ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ogun náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ọmọ tó fi fídíò hàn mí kò mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, èmi náà ní láti wá a kà ni.

Ohun tó dùn mí ni pé àwọn ọ̀dọ́ wa wo fídíò yẹn, ibùsùn àti ìkòkò nìkan ni wọ́n rí níbẹ̀. Èmi rí nǹkan mìíràn. Mo rí i pé ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni tọkọtaya náà fi lọ, tí wọ́n tún fi bọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí wọn kò wakọ̀ rárá. Nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn; àwọn méjèèjì jókòó síwájú, wọ́n de bẹ́líìtì mọ́ra. Epo wọn kò lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ kí wọ́n tó tún rà, torí ilé epo jìnnà síra. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, wọ́n ti wá ibi gúnlẹ̀ sí, nítorí ẹranko kan wà lọ́hùn-ún tó jọ ìgalà ṣùgbọ́n tó ga ju ẹṣin lọ, tó máa ń dúró sójú títì. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ gbá a, òun àti ẹranko náà ló ń ṣòfò. Ìwé kan wà lọ́wọ́ ìyàwó, The Milepost ni wọ́n ń pè é. Láti 1949 ni wọ́n ti ń tẹ ìwé yẹn. Ó ń sọ ohun tó wà lójú ọ̀nà láti máìlì kan dé èkejì: ibi epo, ibi omi, ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, ibi tí a lè sùn. Ìyàwó á kà á sókè, ọkọ á sì dín eré kù.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọn kò gba ọ̀nà tí wọ́n bá lọ. Wọ́n yà sí ọ̀nà Cassiar, ní ìwọ̀ oòrùn ti àkọ́kọ́, torí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ láti ilé pé àbọ̀ náà jẹ́ ìrìn àjò. Ibi tí mo dá fídíò náà dúró sí nìyẹn. Mo bi ọmọ náà pé, “Ṣé o rí ibí yìí?” Ó ní òun kò wò ó débẹ̀.

Ẹ forí jì mí bí mo bá ń sọ ọ́ bí ẹni tí inú ń bí. Mo nídìí.

Ní 2004, olùkọ́ tuntun ni mí, wọ́n sì gbé mi lọ sí Atakora láti lọ máa kọ́ni. Ọ̀sán ni mo gba lọ, ọjọ́ méjì ni mo fi lọ, mo sùn ní Djougou. Nígbà tí ọdún Kérésì dé tí a gba ìsinmi, mo wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ láti Natitingou, èmi àti olùkọ́ obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìhà tiwa níbí. Ó ra iṣu, ó ra òrí sínú igbá kan fún ìyá rẹ̀. Awakọ̀ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló ti Kútọnu dé, wọ́n sì ní kó yí orí ọkọ̀ padà lálẹ́ torí èrò ọdún pọ̀. Ó mu kọfí lójú mi. Lẹ́yìn Djougou gbogbo wa sùn. Òun náà sùn.

Èmi kò gbọ́ ariwo kankan àfi ti ẹ̀ka igi tó ń ha ara ọkọ̀. Nígbà tí mo là ojú, mo wà nínú koríko, egungun èjìká mi ti dá. A wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tí a jọ wọ ọkọ̀ kò rí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú apá tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ ọrùn mi, èmi ni mo gbé igbá òrí náà lọ fún ìyá rẹ̀, torí igbá náà kò fọ́. Títí di òní n kò mọ ohun tó yẹ kí n sọ lọ́jọ́ náà tí n kò sọ.

Ẹ má sọ fún mi pé àtijọ́ nìyẹn, pé ọ̀nà ti dára báyìí. Lóòótọ́ ọ̀nà dára ju ti ìgbà yẹn lọ. Ọ̀nà tó dára ló ń jẹ́ kí èèyàn sáré. Ní oṣù kìíní 2023, bọ́ọ̀sì kan àti tírélà forí gbárí ní agbègbè Ìdàáṣà, iná sọ, èèyàn bí ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló bá a lọ. Àwọn tó ń gbé Ìdàáṣà tó ń ka èyí mọ ibẹ̀. Ní ti ibùsùn tí wọ́n fẹ́ tẹ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ẹ ro ó wò fúnra yín: bí ọkọ̀ tó ń sáré bá dúró lójijì, ẹni tó dùbúlẹ̀ láìde bẹ́líìtì kò ní dúró. Yóò fò lọ bá ìgò gáàsì níwájú. Èéfín ẹ̀rọ amúnáwá kò sì ní òórùn tó le jí ẹni tó sùn. Ó ti pa odidi ìdílé nínú yàrá tí wọ́n ti pa fèrèsé rẹ̀ dé.

Mo tún fẹ́ sọ ti oṣù kẹjọ. Níhìn-ín, oṣù kẹjọ ni òjò máa ń sinmi díẹ̀, oòrùn á rọ̀, afẹ́fẹ́ á tutù, a ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà òjò méjì làwa ní lọ́dún, ẹyọ kan làwọn ará òkè ní, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí wọ oṣù kẹwàá, oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án ló sì máa ń le jù. Nígbà tí ẹ bá ń jẹ àgbàdo sísun létí títì ní Kétu, omi ń bo afárá kéékèèké lọ́hùn-ún. Ọ̀nà ńlá yóò gbà yín o, ṣùgbọ́n ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó lọ sí ibi tí omi ti ń já, tó lọ sí abúlé àwọn tata, bọ́ọ̀sì èèyàn 40 yóò rì síbẹ̀ dé ìdajì táyà. Ta ni yóò fà á? Àwọn àgbẹ̀ tó ń ro oko wọn ni, torí oṣù iṣẹ́ wọn nìyẹn. A ó lọ da iṣẹ́ wọn rú, a ó tún ya fọ́tò wọn.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ tó le jù. Kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀ pé ìhà òkè pátápátá kò rọrùn lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ní oṣù karùn-ún 2019 wọ́n jí àrìnrìn-àjò ará Faransé méjì gbé ní Pendjari, wọ́n sì pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń mú wọn rìn. Ní oṣù kẹrin 2025, ọmọ ogun wa 54 ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní agbègbè igbó ọba W. Ààlà Malanville náà, láti ìgbà tí wọ́n gba ìjọba ní Niger ní oṣù kéje 2023 ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ti dàrú. Mo mọ̀ pé Odò Ọya ni wọ́n fẹ́ rí. Ta ni nínú ọmọ Yorùbá ni kò fẹ́ rí Odò Ọya? Ṣùgbọ́n ẹni tó kó ọmọ 40 gba Kandi lọ sí Malanville lóru, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, láìsọ fún jàǹdáàmù kankan, kò ṣètò ìrìn àjò, ó ta tẹ́tẹ́, owó tó sì fi ta á kì í ṣe tirẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn àwọn kan tí inú wọn ti ń dùn báyìí: “Ẹ ṣeun, mẹ́tìrì, a ti sọ fún wọn, kí ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ àwọn ará òkè?” Ẹ dúró o. N kò sí lẹ́yìn yín. Ẹ̀yin ni mo tilẹ̀ fẹ́ bá jà ju àwọn ọ̀dọ́ náà lọ. Ẹ ti lọ sí Èkó nígbà ogún, ẹ kò tíì kọjá Ìdàáṣà rí. Ẹ ń pe ọmọ ìlú yín ní ará òkè bí ẹni pé ẹ̀gàn ni. Ọmọ wọn ń lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀ bíi tiyín, èmi ni mo kọ́ wọn fún ọdún mẹ́ta, mo mọ̀. Àwọn ni wọ́n gbé mi nínú koríko lọ sí ilé ìwòsàn lóri kẹ̀kẹ́ ẹrù ní 2004, tí wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ rí wọn sàn ju ẹ̀yin tí ẹ jókòó lọ. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà lọ ni mo ń bá wọn jà sí.

Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Loire, Seine àti Garonne ni wọ́n fi na mí lẹ́gba kó tó wọlé sí mi lórí. Mo ti di olùkọ́ kí n tó mọ̀ pé Mékrou, Alibori àti Sota ni àwọn odò tó ń ti ilẹ̀ wa ṣàn lọ sínú Odò Ọya. Bí a kò bá mú ọmọ wa lọ wo ilẹ̀ wọn, ìwé ẹlòmíràn ni wọn yóò máa kà títí.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tí kò sí nínú ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà rárá. Lójú ọ̀nà òkè yẹn, èdè wa ń rìn pẹ̀lú wa. Ẹ̀yin ti Ṣábẹ̀ẹ́ kò nílò kí n sọ ti Kilibo fún yín. Ní Paraku, àwọn Nàgó wà níbẹ̀ tipẹ́. Ní ọ̀nà kejì, ẹ ó bá àwọn Ìṣà ní Bantè. Ẹ máa lọ, ní agbègbè Bassila, ẹ ó bá àwọn ará Manigri, tí àwọn àti àwọn ará Kambolé ní Tógò jọ ń sọ èdè kan náà. Lókè pátápátá, ní agbègbè Kandi, àwọn Mokole wà, èdè wọn bá tiwa tan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Bàrùbá ló yí wọn ká. Ní 2005, mo dúró ní Manigri ní ọ̀sán kan, òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé bẹ ìyá àgbà kan. Ó wò mí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú mi, mo sọ fún ara mi pé omi ni mo fẹ́. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Omi!” ó sì bu omi fún mi. Ìjókòó tí mo jókòó sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré. Bọ́ọ̀sì tó gba ibẹ̀ kọjá ní aago méjì òru, tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ń sùn, kò rí nǹkan kan.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò ṣòro. Kí wọ́n sún un sí ìsinmi Kérésì. Òjò ti lọ, ọ̀nà ti gbẹ, àwọn ọmọ ilé-ìwé gba àyè tó ọ̀sẹ̀ méjì, ọyẹ́ nìkan ló kù, aṣọ òtútù la fi ń ṣe ìyẹn. Kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe é. Ọjọ́ kìíní, kí wọ́n sùn ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí àwọn ọmọ rí àwọn àpáta tó yí ìlú náà ká. Ọjọ́ kejì, Paraku, kí wọ́n lo ọjọ́ kẹta níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, gba Djougou dé Natitingou. Kí wọ́n gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí Natitingou sì jẹ́ òpin àlọ lọ́dún yìí. Ibi tó kọjá ibẹ̀, àwọn jàǹdáàmù àti àwọn onílé ni kó sọ bóyá a lè dé e. Ilẹ̀ àwọn Batammariba wà nínú àwọn ibi tí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé, apá ti Tógò láti 2004, apá tiwa láti 2023. Bí wọ́n bá ní a kò lè dé abúlé kan, ẹ béèrè èyí tó sún mọ́ ìlú. Ọjọ́ keje, àbọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì gba ọ̀nà mìíràn: Manigri, kí wọ́n sùn níbẹ̀, ọjọ́ kẹjọ, Bantè, Savalou, Ìdàáṣà, ọjọ́ kẹsàn-án, ilé. Kò sí ọjọ́ tó kọjá kìlómítà 300. Aago mẹ́fà àárọ̀ kí wọ́n gbéra, kí táyà má yí mọ́ bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀.

Kí wọ́n dá ìjókòó padà sínú bọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá fẹ́ sùn bí oní-káńpíń-káà, kí wọ́n kó ibùsùn sórí òrùlé, kí wọ́n tẹ́ ẹ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Kí wọ́n dáná níta. Kí ẹ̀rọ amúnáwá jìnnà sí ibi tí èèyàn ń sùn. Kí wọ́n má sì gbé kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n rà lẹ́bàá ọ̀nà sórí ọkọ̀. Ẹ mọ èyí tí mò ń sọ, gbogbo wa la ti rí bó ṣe ń jó.

Wọ́n á ní, “Mẹ́tìrì, owó ńkọ́?” Awakọ̀ kejì: bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá fi 1,500 lé e, 60,000 nìyẹn, n kò sì rò pé awakọ̀ kan wà tí yóò fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n ń bọ́ ọ tí wọ́n sì ń fún un níbùsùn. Aṣọ ẹgbẹ́jọdá tí wọ́n kọ sínú ètò ju 1,500 lọ. Ní ti ibi sísùn, kíláàsì ṣófo nígbà ìsinmi. Mo mọ àwọn olùkọ́ lójú ọ̀nà yẹn, ẹgbẹ́ mi ni wọ́n, mo ti pe méjì, àwọn méjèèjì ní ká máa bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Bantè, ní Manigri, tí ẹ ń ka èyí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ bí ẹ bá ní yàrá. Ẹ bá wa kọ ibi tí omi wà, ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, ilé ìwòsàn tó ń ṣí lálẹ́. Kò sí ẹni tó kọ irú ìwé tí ìyàwó ará Québec yẹn ń kà fún ọ̀nà tiwa. A lè bẹ̀rẹ̀ ẹ níbí.

Àwọn mìíràn á ní Ọlọ́run ni yóò ṣọ́ wa. Àmín. Ẹni tí a jọ wọ ọkọ̀ ní 2004 gbàdúrà kí ó tó wọ ọkọ̀, èmi ni mo bá a ṣe àmín.

Ọmọ mi obìnrin gba BAC rẹ̀ lọ́dún yìí. Mo ti ṣèlérí fún un tipẹ́ pé bó bá gbà á, yóò rí òkè. Ó ti san 35,000, láti inú owó mi. Nígbà tí mo sọ pé n kò fẹ́ ètò yìí, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà lọ nígbà tí ẹ wà ní ọ̀dọ́.” Mo dákẹ́. Lóòótọ́ ni, mo lọ.

Ìpàdé wọn jẹ́ Sátidé yìí ní aago mẹ́rin, ẹ̀yin tó ní ọmọ nínú àwọn 40 náà mọ ibẹ̀. Mo ń bọ̀. Mo ti kọ ojú ewé àbọ̀ fún wọn, méjì ni, mo sì fi àyè sílẹ̀ lókè fún orúkọ awakọ̀ méjì. Bí orúkọ kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀ nígbà tí ìpàdé bá fẹ́ túká, mo ń gba 35,000 mi kí n tó dìde, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà wá gba tiyín.